Ìṣákọ́lẹ̀ Orí Tábìlì

Oṣù Kẹjọ ọdún 2000 ni, ní ìlú Milwaukee, ìpínlẹ̀ Wisconsin, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe Gen Con, àpéjọ ọdọọdún àwọn tó fẹ́ràn eré orí tábìlì, kún fọ́fọ́. Ìwé tuntun kan ló kó èrò jọ: Player's Handbook, ìwé ìlànà fún ẹ̀dà kẹta eré Dungeons & Dragons. Wizards of the Coast, ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà, ń tà á ní 19.95 dọ́là, owó tí ọmọ ilé-ìwé lè kó jọ.

Ẹni tó bá ra tirẹ̀ tán, tó sì rìn síwájú díẹ̀, á bá ìwé pẹlẹbẹ méjì pàdé. Ọ̀kan ń jẹ́ Three Days to Kill, iṣẹ́ John Tynes tí Atlas Games tẹ̀. Èkejì ń jẹ́ Death in Freeport, iṣẹ́ Chris Pramas, láti ilé-iṣẹ́ tuntun kan tó ń jẹ́ Green Ronin. Ìtàn téèyàn lè fi eré tuntun náà ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló wà nínú wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì kò sí lábẹ́ Wizards, wọn kò san kọ́bọ̀ fún un, síbẹ̀ àmì d20 tí Wizards fúnra rẹ̀ yà hàn gbangba lára èèpo ìwé wọn.

Ká ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà ni, ìwé ìpẹ̀jọ́ ni wọn ì bá fi kí wọn káàbọ̀.

Ọjọ́ yẹn ni òwò kan bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: àwọn atẹ̀wé kéékèèké tí ń jẹun lára eré tí kì í ṣe tiwọn. Ọjọ́ yẹn náà ni àríyànjiyàn kan bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parí lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí ẹni tó ni eré bá yí ìlànà rẹ̀ padà, tó sì yí ìwé àṣẹ mọ́ ọn, kí ni àwọn tó ti kọ́lé sórí rẹ̀ á ṣe?

Irú eré wo nìyí?

Èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà ló máa ń jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí: òun ló ń sọ bí ibi tí wọ́n dé ṣe rí, ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, irú ẹni tí wọ́n pàdé lójú ọ̀nà. Àwọn yòókù gbé ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan wọ̀. Ẹni yìí jẹ́ jagunjagun, tọ̀hún jẹ́ oṣó, ẹlòmíràn jẹ́ olè tó mọ àgádágodo ṣí. Bí jagunjagun bá ní òun fẹ́ fo kòtò, kì í ṣe ẹnu lásán ni yóò fi fò ó. Yóò ju dáìsì olójú ogún. Bí 14 bá jáde, tí agbára rẹ̀ tó wà lórí ìwé sì fi 3 kún un, 17 nìyẹn. Bí olùdarí bá ti pinnu pé 15 ló tó, ó fò ó já. Bí kò bá pé, inú kòtò ló wà yẹn.

Irú ìṣirò yìí ni ìlànà eré. Èèyàn lè ra ìwé ìlànà lẹ́ẹ̀kan kó fi ṣeré fún ọdún mẹ́wàá. Ìtàn ni kì í pẹ́ tán. Olùdarí tó ń lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì kò ráyè jókòó ro ilé olódi tuntun àti abàmì ẹ̀dá tuntun kí òpin ọ̀sẹ̀ tó dé, nítorí náà á rà á. Ibẹ̀ ni àwọn atẹ̀wé kéékèèké ti ń rí oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju èèyàn méjì mẹ́ta lọ: ẹnìkan ń kọ, ẹnìkan ń to ojú ìwé, ayàwòrán ń gbowó lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Onílẹ̀ tó fẹ́ràn kóòtù

Gary Gygax àti Dave Arneson ló kọ Dungeons & Dragons. TSR, ilé-iṣẹ́ Gygax ní Lake Geneva, ní Wisconsin kan náà, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974. Ẹgbẹ̀rún kan ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wọn kò le. Judges Guild gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn láti máa tẹ ìtàn tó bá eré náà mu. Bí owó ṣe ń wọlé ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Nígbà tó yá, àwọn eléré á máa fi lẹ́tà mẹ́ta orúkọ TSR ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹjọ́ pípè niṣẹ́ wọn.

Mayfair Games ló fara gbá a jù. Ó ní ọ̀wọ́ ìwé kan, Role Aids, tó kọ ọ́ sára èèpo pé ó ṣeé lò pẹ̀lú eré TSR. Wọ́n ti bá ara wọn ṣàdéhùn ní 1984, ẹjọ́ tún ṣẹ́ yọ ní 1991. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé TSR kúkú ra Role Aids lọ́wọ́ Mayfair ní 1993, ọ̀wọ́ ìwé náà sì parí síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn atẹ̀wé yòókù kọ́ kò ṣòro: bóyá o jàre o, bóyá o jẹ̀bi o, owó lọ́yà ni yóò kọ́kọ́ pa ọ́.

Ní 1997, gbèsè ti wọ TSR lọ́rùn. Wizards, tí eré káàdì Magic: The Gathering ti sọ di olówó láti 1993, rà á. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Hasbro tí ń ta nǹkan ìṣeré ọmọdé ra Wizards fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá kan ní Wizards, Ryan Dancey, ló wo ìwé ìṣirò TSR tó sì rí i pé ìwé ìtàn kì í mú èrè gidi wá fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹni kan ṣoṣo nínú èèyàn márùn-ún tó yí tábìlì ká ló nílò rẹ̀. Ìwé ìlànà ni gbogbo wọn ń rà. Bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ìtàn, eré á kú. Kí ló dé tí a kò ní jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa kọ ìtàn, kí àwa máa ta ìwé ìlànà? Ó wo àwọn tí ń kọ sọ́fúwià ọ̀fẹ́, pàápàá ìwé àṣẹ tí Richard Stallman ṣe fún iṣẹ́ GNU, ó sì ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún eré. Bí Open Game License, tí gbogbo ayé ń pè ní OGL, ṣe dáyé nìyẹn.

Ẹni tó mọ ètò ilẹ̀ oko nílẹ̀ Yorùbá á tètè mọ ohun tí Dancey ṣe. Àlejò wá tọrọ ilẹ̀, onílẹ̀ ní kó máa dáko. Iye iṣu àti epo tí àlejò ń gbé wá lọ́dọọdún kì í tó nǹkan; ìṣákọ́lẹ̀ ni, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ tí OGL bèèrè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: tẹ ìwé àṣẹ náà sẹ́yìn ìwé rẹ, kí o sì dárúkọ gbogbo ìwé tí o ti yá nǹkan.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn

Èèyàn kì í ka ojú ìwé yẹn. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀, ó sì máa ń wà lẹ́yìn gbogbo nǹkan, lẹ́yìn ìpolówó ọjà pàápàá. Apá kẹẹ̀ẹ́dógún ló ṣe kókó. Orúkọ ìwé Wizards ló máa ń ṣáájú níbẹ̀, orúkọ àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni orúkọ ìwé kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, títí dé orí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí atẹ̀wé kan bá yá abàmì ẹ̀dá kan láti inú ìwé ẹlòmíràn, orúkọ ẹni náà gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn ìwé mìíràn di èyí tí apá yìí nìkan gba odidi ojú ìwé.

Ìwé àṣẹ kejì wà, ti àmì d20, tó dá lórí àmì tó wà lára èèpo. Èyí ni Wizards lè gbà padà nígbàkígbà, ó sì ní kí atẹ̀wé má ṣe ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá jagunjagun tàbí oṣó, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè lọ ra Player's Handbook. Onílẹ̀ kò kúkú gọ̀.

Ìwé pọ̀ lọ súà. White Wolf tẹ ìwé abàmì ẹ̀dá tirẹ̀ jáde lóṣù Kẹwàá 2000, kí ti Wizards fúnra rẹ̀ tó dé ọjà. Ní 2002, Atlas Games gbé Nyambe: African Adventures ti Christopher Dolunt jáde, ayé àròsọ kan tó wo ilẹ̀ Áfíríkà fi ṣàwòkọ́ṣe. Òrìṣà ni ìwé náà ń pe àwọn ẹ̀mí ńlá tí èèyàn ń bọ níbẹ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: ìwé àṣẹ Wizards wà lẹ́yìn rẹ̀ láìku lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò nílò àṣẹ láti Ilé-Ifẹ̀ kó tó lo òrìṣà. Kò sóhun tó burú níbẹ̀ lójú tèmi. Yorùbá kò ta àṣẹ ìtàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó kàn dára kéèyàn máa rántí ìhà tí odi wà.

Oṣù Keje 2003

Wizards tún ìlànà ṣe, ó pè é ní 3.5. Ìyípadà náà kò tó èyí tó yẹ kó dá ogun sílẹ̀: oògùn idán díẹ̀ yàtọ̀, agbára ẹ̀dá díẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó dé ṣọ́ọ̀bù, tó rí ìwé tí wọ́n kọ fún ìlànà tàtijọ́, á dá a padà sórí pẹpẹ. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù gbé ẹrù tó ti kó sí wọn lọ́wọ́ sínú àpótí ẹ̀dínwó, wọn kò sì bèèrè òmíràn mọ́. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé kógbá wọlé. Ká sòótọ́, púpọ̀ nínú ìwé wọn kò dára. Ẹni tó rí i pé àmì d20 ń tajà ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun.

Àwọn tó yè é ni àwọn tó ti mú ìlànà náà lọ síbòmíràn. Green Ronin ti fi OGL ṣe Mutants & Masterminds, eré àwọn alágbára tí ń fò lójú ọ̀run, láti 2002. Odidi eré ni, kò sí àmì d20 lára rẹ̀, kò sì ní kẹ́nikẹ́ni lọ ra ìwé Wizards. Ohun tí Dancey rò ni pé àwọn àlejò á máa gbin ohun tí onílẹ̀ kò fẹ́ gbìn. Kò jọ pé ó rò ó dé ibi pé wọ́n lè dá abúlé tiwọn sílẹ̀.

5,000 dọ́là, àti ìwé àṣẹ tí kò dé

Wizards kéde ẹ̀dà kẹrin ní Gen Con, lóṣù Kẹjọ 2007. Àwọn atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn: ìwé àṣẹ ńkọ́?

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ẹni tí kò ṣe òwò yìí rí mọ ìdí tí oṣù kan fi lè ba ọdún kan jẹ́. Ìwé tí wọ́n fẹ́ tà ní Gen Con lóṣù Kẹjọ gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òǹkọ̀wé nígbà òtútù. Wọ́n á dán ìtàn náà wò lórí tábìlì, wọ́n á ṣàtúnṣe, ayàwòrán á ṣe tirẹ̀, wọ́n á to ojú ìwé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé ìtẹ̀wé, tó lè jẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e padà. Ẹni tí kò tíì rí ìlànà tí ìwé rẹ̀ máa bá mu nínú oṣù Kejì, ọdún yẹn ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lóṣù Kìn-ín-ní 2008, Wizards fèsì. Atẹ̀wé tó bá san 5,000 dọ́là á rí ìlànà tuntun kí ó tó jáde, á sì lè máa ta ìwé láti oṣù Kẹjọ. Ẹni tí kò bá san, ó di 2009. Fún ilé-iṣẹ́ èèyàn méjì, iye yẹn lè jẹ́ gbogbo owó àwòrán ìwé kan. Àwọn kan ṣe tán láti san án. Ṣùgbọ́n ìlànà kò dé, ìwé àṣẹ kò dé. Lóṣù Kẹrin, Wizards ní òun kò gba owó mọ́, ìwé àṣẹ tuntun mìíràn ló ń bọ̀, orúkọ rẹ̀ ni Game System License, GSL.

Ẹ̀dà kẹrin jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. GSL tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 17. Nígbà tí àwọn atẹ̀wé kà á tán, àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá wọn lójú. Wizards lè yí i padà nígbàkígbà. Ó lè fòpin sí i. Atẹ̀wé kò gbọ́dọ̀ tún ìlànà kọ sínú ìwé tirẹ̀, àfi kó tọ́ka sí ìwé Wizards. Èyí tó wá dùn wọ́n jù ni pé ẹni tó bá ti gbé ọ̀wọ́ ìwé kan wọ inú GSL kò gbọ́dọ̀ ta ọ̀wọ́ náà lábẹ́ OGL mọ́. Kò lè padà sí oko àná.

Wizards yọ gbólóhùn yẹn kúrò lóṣù Kẹta 2009, ó sì dẹ àwọn ìlànà mìíràn lọ́rùn. Ọjà ti kọjá lọ.

Ilé-iṣẹ́ tó kọ̀ láti kó ẹrù

Paizo kò jìnnà sí Wizards. Ìpínlẹ̀ Washington kan náà ni wọ́n wà. Lisa Stevens tó dá a sílẹ̀ ní 2002 wà lára àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ pátápátá ní Wizards. Òwò Paizo ni títẹ ìwé ìròyìn méjì, Dragon àti Dungeon, lábẹ́ àṣẹ Wizards. Ní 2007, Wizards ní òun kò tún àdéhùn náà ṣe mọ́. Ẹ̀dà tó kẹ́yìn lórí bébà jáde lóṣù Kẹsàn-án.

Ohun tó kù lọ́wọ́ Paizo ni àwọn òǹkàwé tó ti mọ́ lára láti máa rí ìtàn gbà lóṣooṣù. Ó bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun fún wọn, Pathfinder, ìtàn ìrìn-àjò tó ń jáde lóṣooṣù, tó bá ìlànà 3.5 mu. Wàyí o, ẹ̀dà kẹrin ti ń bọ̀, ìwé àṣẹ kò sì tíì dé. Ẹni tó ń tẹ̀wé lóṣooṣù kò lè dúró. Lóṣù Kẹta 2008, Paizo kéde pé òun kò bá wọn lọ: òun á gba ìlànà 3.5, tí OGL ti sọ pé ẹnikẹ́ni lè lò, òun á tún un ṣe, òun á sì tẹ̀ ẹ́ lórúkọ ara òun. Jason Bulmahn ti ń tún un ṣe lọ́wọ́. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn eléré lè dán an wò kí wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Pathfinder Roleplaying Game jáde ní Gen Con 2009, ìwé tó ní ojú ìwé 576, tó wúwo lọ́wọ́ bí bíríkì. Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tán kó tó délẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2011, ICv2 tí ń wádìí ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn eléré sọ pé Pathfinder ti tà ju Dungeons & Dragons lọ. Àlejò ti kó iṣu dé ọjà ṣáájú onílẹ̀.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tó tún yani lẹ́nu jù. Kenzer and Company gbé ìwé Kingdoms of Kalamar fún ẹ̀dà kẹrin jáde ní 2008 láìfọwọ́ sí ìwé àṣẹ kankan. Lọ́yà ni David Kenzer. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Kí ni òfin sọ?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé di ìlànà eré mú. Ní 1879, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ẹjọ́ kan, Baker v. Selden, lórí ìwé tó ń kọ́ni ní ètò ìṣirò owó. Ilé-ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi ṣàlàyé ètò náà jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ètò fúnra rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè lò ó. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1976 tún kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ju dáìsì olójú ogún, fi 3 kún un, wò ó bóyá ó tó 15: kò sẹ́ni tó ni ín.

Àwọn lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí á fi kún un pé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn ẹ̀dá, ìtàn wọn, bí wọ́n ṣe to gbólóhùn, àwòrán, gbogbo ìyẹn ló ní ẹni tó ni ín, ààlà tó wà láàárín ètò àti ọ̀rọ̀ kì í sì í hàn kedere títí adájọ́ á fi fa ìlà. Ta ló fẹ́ fi owó ilé rẹ̀ wá ibi tí ìlà náà wà?

Nítorí náà, lójú tèmi, ilẹ̀ kọ́ ni Wizards yá àwọn àlejò ní 2000. Ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Àlàáfíà ló fún wọn, ìlérí pé òun kò ní pè wọ́n lẹ́jọ́, orí ìlérí yẹn ni wọ́n sì kọ́ gbogbo ilé wọn lé.

Ọjọ́bọ̀ tí ìlérí mì

Ẹ̀dà karùn-ún jáde ní 2014, ó sì tà. Lóṣù Kìn-ín-ní 2016, Wizards gbé ìpìlẹ̀ ìlànà rẹ̀ síta lábẹ́ OGL àtijọ́, gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀. Ọdún méje dáadáa ni wọ́n fi jẹun. Kickstarter, ìkànnì tí àwọn oníbàárà ti ń dáwó ṣáájú fún ọjà, ti sọ ilé-iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta di èyí tó lè rí mílíọ̀nù dọ́là gbà kí wọ́n tó tẹ ìwé kan ṣoṣo.

Hasbro náà rí i. Ní 2022, ó ra ìkànnì ayélujára tí àwọn eléré ń lò, D&D Beyond ní 146.3 mílíọ̀nù dọ́là. Lóṣù Kejìlá ọdún náà, Cynthia Williams, ààrẹ Wizards, sọ fún àwọn olùdókòwò pé owó tó ń wọlé lára eré náà kò tíì tó bó ṣe yẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní 2023, akọ̀ròyìn Linda Codega gbé ohun tó wà nínú ìwé àṣẹ tuntun kan, OGL 1.1, síta nínú Gizmodo. Ẹni tó bá pa ju 50,000 dọ́là lọ́dún gbọ́dọ̀ ròyìn rẹ̀ fún Wizards. Ẹni tó bá pa ju 750,000 lọ á san ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àlékún rẹ̀, tàbí ìdá 20 bó bá jẹ́ Kickstarter ló ti rí i. Kì í ṣe lórí èrè o, lórí gbogbo owó tó wọlé ni. Atẹ̀wé tó ń jẹ èrè ìdá mẹ́wàá á san ju gbogbo èrè rẹ̀ lórí àlékún yẹn. Wizards á sì ní àṣẹ láti lo ohunkóhun tí atẹ̀wé bá kọ, títí láé, láìsan nǹkan kan.

Ìwé àṣẹ tàtijọ́ ńkọ́? Ó ti sọ pé èèyàn lè lo èyíkéyìí nínú ẹ̀yà ìwé àṣẹ náà tí wọ́n bá fọwọ́ sí. OGL 1.1 ní Wizards kò fọwọ́ sí tàtijọ́ mọ́. Tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà, Wizards fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé fún aráyé pé bí àwọn bá yí ìwé àṣẹ náà padà, ẹni tí kò bá fẹ́ tuntun lè máa lo tàtijọ́ lọ. Dancey jáde sọ ọ́ pé àwọn kò rò ó rí pé ẹnikẹ́ni á lè gbà á padà.

Ìbínú tó tẹ̀ lé e kò mọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ó lé ní 60,000 èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ìfẹ̀hónúhàn kan. Àwọn eléré tí kò tẹ ìwé kankan rí lọ fagi lé owó oṣooṣù tí wọ́n ń san fún D&D Beyond. Àwọn tó ń darí eré nílé wọn ló bínú jù, àwọn náà ló sì ń náwó jù. Ìtàn tí wọ́n ń fi ṣe eré lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ti àwọn atẹ̀wé kéékèèké ni.

Wizards ní àbá lásán ni ìwé náà. Ó gbé òmíràn síta, ó ní kí àwọn èèyàn sọ èrò wọn. Ó lé ní 15,000 èèyàn tó dáhùn. Ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn kò ní tẹ ìwé lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, Wizards juwọ́ sílẹ̀. OGL tàtijọ́ wà bó ṣe wà, ó sì gbé ìpìlẹ̀ ìlànà ẹ̀dà karùn-ún, ojú ìwé tó lé ní 400, sábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, tí kò sí lọ́wọ́ Wizards láti gbà padà.

Àwọn tó ti dìde kò jókòó mọ́

Ẹni tí wọ́n bá ti lé lóko lẹ́ẹ̀kan, kò ní sùn kó hanrun mọ́. Paizo ti kéde ìwé àṣẹ tí kò ní sí lọ́wọ́ atẹ̀wé kankan, ORC. Lọ́yà Brian Lewis, tó wà ní Wizards nígbà tí wọ́n ń ṣe OGL, ló darí kíkọ rẹ̀, ó sì parí lóṣù Kẹfà 2023. Ó lé ní 1,500 atẹ̀wé tó ní àwọn fara mọ́ ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjà fi gbóná, ìwé Pathfinder tí Paizo rò pé yóò tó òun í tà fún oṣù mẹ́jọ tán.

Paizo kò dúró síbẹ̀. Ó tún tú ìwé ara rẹ̀ palẹ̀, ó ń wá gbogbo ohun tó jẹ mọ́ OGL nínú rẹ̀. Ìwé Player Core tó jáde lóṣù Kọkànlá 2023 fi hàn bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ọfà idán tí gbogbo oṣó ń ta láti ọdún pípẹ́, magic missile, di force barrage. Ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní tiefling di nephilim. Àwọn drow, ẹ̀yà aláwọ̀ dúdú abẹ́ ilẹ̀, lọ. Dragoni tí wọ́n ń fi àwọ̀ ara pè, pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé, lọ pẹ̀lú. Irú idán tí ó ń lò ni wọ́n fi ń pè é báyìí. Ètò tó ń sọ bóyá ẹnìkan jẹ́ rere tàbí búburú, tó ti wà nínú eré náà láti àárọ̀ ọjọ́, wọ́n yọ ọ́ dànù. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ó pẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́.

Kobold Press, tó ti ń tẹ ìwé fún ẹ̀dà karùn-ún láti ọjọ́ tó jáde, ṣe eré tirẹ̀, Tales of the Valiant. Àwọn oníbàárà fi owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là tì í lẹ́yìn ní 2023. MCDM, ilé-iṣẹ́ Matt Colville, tí ìwé ẹ̀dà karùn-ún ti sọ di ẹni ńlá, kẹ̀yìn sí ìlànà náà pátápátá, ó kó owó tó lé ní 4.5 mílíọ̀nù dọ́là jọ fún eré tirẹ̀, Draw Steel.

Ní 2024, Wizards tún ìwé ìlànà ẹ̀dà karùn-ún kọ. Kò pè é ní ẹ̀dà kẹfà. Lóṣù Kẹrin 2025, ó gbé ìpìlẹ̀ ìlànà tuntun náà sábẹ́ Creative Commons bó ṣe ṣèlérí. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn atẹ̀wé san 5,000 dọ́là, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kó kúrò lóko àná. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà nìkan ni wọ́n lè lò, kò sì sí gbólóhùn kankan tó de Wizards pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dà tó máa tẹ̀ lé e.

Àwọn mìíràn ti ń tẹ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ẹ̀dà karùn-ún, ọ̀kan fún Pathfinder. Ìtàn kò yàtọ̀, àwòrán kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti ṣírò agbára gbogbo abàmì ẹ̀dá lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n to ojú ìwé lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì sanwó fún ẹlòmíràn láti wá àṣìṣe inú méjèèjì. Owó tí ìyẹn ń jẹ kò kéré, wọ́n sì ń san án.